Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Mọ Ohun Tó Fa Àgbẹ̀kọ̀yà

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ̀yin òbí tó fi ọjà àti oko sílẹ̀ wá jókòó tì wá, mo kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní Ìtàn, bí a ṣe ń kọ́ ọ ní ẹ̀tọ́ àti ojúṣe ọmọ onílùú, àti bí a ṣe ń bá a sọ ohun tó ń lọ nílùú lọ́wọ́lọ́wọ́. Lórí àtẹ iṣẹ́ (timetable) wa, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ayé tí ọmọ ń gbé, nǹkan kan náà ni wọ́n. Èrò mi ni pé a ò lè kọ́ ọ̀kan yanjú bí a bá ti ya á kúrò lára méjì yòókù, àti pé ibi tó dára jù láti bẹ̀rẹ̀ ni orí ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ìlú ọmọ náà fúnra wọn ti jà lé lórí rí, bíi Àgbẹ̀kọ̀yà, ìjà tí àwọn àgbẹ̀ jà lórí owó orí lọ́dún 1968 sí 1969.

Ẹ wo bí Civic, ẹ̀kọ́ ẹ̀tọ́ àti ojúṣe ọmọ onílùú yẹn, ṣe rí ní ọ̀pọ̀ kíláàsì wa. Olùkọ́ á kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù pé kí ni ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, á kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sábẹ́, á to oríṣi mẹ́fà tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ á dà á kọ sínú nóòtì. Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n á dá a padà fún wa bó ṣe wà. Ọmọ tó gba ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, bí ọlọ́pàá bá mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, kò mọ̀ pé abala 35 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 ní kí wọ́n gbé e dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ kan, bí ilé ẹjọ́ tó yẹ bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú un. Ó mọ orúkọ ẹ̀tọ́, kò mọ ìlò rẹ̀. N ò dá olùkọ́ lẹ́bi o. Ẹni tó ní ọmọ ọgọ́rin nínú kíláàsì kan, tí sílábọ́ọ̀sì sì ń lé e bọ̀ lẹ́yìn, nóòtì ló máa kọ.

Ọ̀rọ̀ ti Ìtàn tilẹ̀ wá burú ju ìyẹn lọ, ọ̀pọ̀ nínú yín ló sì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní girama ìsàlẹ̀, mẹ́ta ní girama òkè, mẹ́rin ní yunifásítì) dé lọ́dún 1982, Social Studies ló gba ipò Ìtàn ní àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀ ilé-ìwé girama. Ìtàn wá di ohun tí ọmọ lè yàn tàbí kó fi sílẹ̀ ní kíláàsì òkè. Lọ́dún 2007 wọ́n tún àlàkalẹ̀ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọlọ́dún mẹ́sàn-án ṣe, nígbà tí a sì fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lọ́dún 2009, Ìtàn ti kúrò níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró. Ìdí tí a gbọ́ ni pé àwọn ọmọ ń sá fún un, pé ẹni tó bá kà á ní yunifásítì kì í tètè ríṣẹ́, pé olùkọ́ rẹ̀ ò sì pọ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n ò rí èyí tó tó ohun tí a fi ń pa ẹ̀kọ́ rẹ́. Bí olùkọ́ Físíìsì bá wọ́n, kò sẹ́ni tó máa ní ká pa Físíìsì rẹ́; wọ́n á ní ká wá olùkọ́ sí i ni.

Ó dùn mí jù nígbà tí mo bá wo òdìkejì òkun. Lọ́dún 2003, ọdún mẹ́rin péré ṣáájú àtúnṣe tiwa yẹn, Brazil ṣe òfin kan, Òfin 10.639, tó sọ ọ́ di dandan kí ilé-ìwé wọn máa kọ́ ọmọ ní ìtàn Áfíríkà àti ti àwọn ọmọ Áfíríkà tó di ará Brazil. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ilẹ̀ Yorùbá lọ dé Bahia, wà lára àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún un. Wọ́n ń wá ìtàn wa lọ́hùn-ún, àwa ń kó o kúrò nínú àpò ìwé ọmọ wa níbí.

Ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní lọ́dún 2009 ti lé ní ogún ọdún báyìí. Ó ti tó ìbò dì. Ó ṣeé ṣe kó parí girama láìgbọ́ ohun tó fa ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 lẹ́nu olùkọ́ kankan. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ọ níbòmíràn: nínú mọ́tò, lórí WhatsApp, lẹ́nu ẹni tí inú ń bí. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn, nítorí àwọn kan máa ń rò pé bí a ò bá sọ ọ̀rọ̀ kan ní kíláàsì, ọmọ ò ní gbọ́ ọ.

Ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ lọ́dún 2018 pé kí Ìtàn padà. Lọ́dún 2022 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn olùkọ́ rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dún 2025 wọ́n tún kéde pé yóò di dandan láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pé a ó sì pa á pọ̀ mọ́ Civic ní kíláàsì òkè. Mo yọ̀ sí i. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé kó má lọ padà wá gẹ́gẹ́ bí nóòtì ojú bọ́ọ̀dù mìíràn: ọdún tí Lugard so Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù, orúkọ àwọn gómìnà àgbà, ọjọ́ òmìnira, ó parí. Ìyẹn ò ní ṣe ọmọ kankan láǹfààní.

Ẹ jẹ́ kí n fi owó orí ṣe àpẹẹrẹ ohun tí mo ní lọ́kàn.

Lọ́dún 1968, ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, owó sì ń wọ́n ìjọba. Àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà, pàápàá àwọn olóko kòkó ní agbègbè Ìbàdàn, ń san owó orí, wọ́n sì tún ń san oríṣiríṣi owó mìíràn lé e. Iye tí ìgbìmọ̀ ìjọba ń ra kòkó wọn kéré sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun. Ọ̀nà oko kò ṣeé gbà. Agbowó orí a máa kó ọlọ́pàá lẹ́yìn ya wọ abúlé, àwọn ọkùnrin a sì sá wọ igbó. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún náà, ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ó sì ràn ká. Òun ni wọ́n ń pè ní Àgbẹ̀kọ̀yà. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń bèèrè kò fara sin: kí owó orí má ju ọ̀kẹ́ mẹ́fà lọ, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, kí wọ́n yé fi ipá gbà á, kí owó kòkó lọ sókè, kí wọ́n tún ọ̀nà abúlé ṣe, kí wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń jẹ wọ́n run kúrò. Tàfá Adéoyè láti Akánrán wà lára àwọn tó ṣáájú. Ní oṣù Kẹsàn-án 1969 wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Ìgbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bá wọn jókòó sọ̀rọ̀ ni ara tó rọlẹ̀, ìjọba Adéyínká Adébáyọ̀, gómìnà ológun ìpínlẹ̀ náà, sì dín owó orí náà kù sí pọ́ùn méjì, ìyẹn ogójì ṣílè.

Bí a bá dúró síbẹ̀, ìtàn akọni lásán ni a sọ. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ á wá bi àwọn ọmọ pé: kí ló dé tí àwọn àgbẹ̀ ò fi rán aṣòfin wọn lọ sọ ọ́? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n rò ó. Lẹ́yìn náà kí ẹ ní kí wọ́n wo ọdún tí ológun gbàjọba, oṣù Kìn-ín-ní 1966. Kò sí aṣòfin. Wọ́n ti ti ilé aṣòfin pa. Ẹni tó ń bu owó orí lé àgbẹ̀ kò wá ìbò lọ́wọ́ rẹ̀ rí, kò sì ní wá a lọ́dún tó ń bọ̀. Níbi tí ọmọ bá ti rí èyí fúnra rẹ̀, ó ti mọ ohun tí aṣojú wà fún nínú ìṣèlú, láìsí ìtumọ̀ kankan lójú bọ́ọ̀dù. Ẹ lè wá bi í léèrè orúkọ ẹni tó ń ṣojú ẹkùn rẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ wa nínú gbọ̀ngàn yìí ló máa ní láti ronú díẹ̀ ká tó dáhùn.

Ìbéèrè kejì ni pé, ṣé ó tọ́ kí olóko kékeré àti olówó máa san iye kan náà? Ọmọ JSS 2 lè jiyàn lórí èyí fún odidi wákàtí kan. Ẹ mú un wá sí òde òní. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu àwọn òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìn-ín-ní 2026. Òfin náà sọ pé ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó ń wọlé fún ènìyàn lọ́dún kò ní owó orí, pé bí owó ẹni bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìdá tí yóò máa san á ṣe máa ga. Kí àwọn ọmọ fi ₦70,000, tó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù lọ láti ọdún 2024, di ìlọ́po méjìlá. Wọ́n á rí ₦840,000. Wọ́n á bèèrè pé ṣé ẹni yẹn á san owó orí nìyẹn? Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ wá a nínú òfin náà fúnra rẹ̀. Wọ́n á rí i pé òfin ní ẹni tí owó rẹ̀ ò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ kò ní san. Ìṣirò wà níbẹ̀, òfin wà níbẹ̀, ìtàn wà níbẹ̀. Kí wọ́n sì mú rìsíìtì ilé ìtajà ńlá wá láti ilé, kí wọ́n wá ibi tí wọ́n kọ VAT sí, owó orí tí wọ́n ń fi kún iye ọjà, 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ tó ń rò pé bàbá òun nìkan ló ń san owó ìjọba á rí i pé òun náà ti ń san án.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìkan lèyí. Kí Àgbẹ̀kọ̀yà tó wáyé ní ohun tó tó ogún ọdún, àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti gbé irú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ààfin. Láti ọdún 1918 tí owó orí ti wọ Abẹ́òkúta, tó sì fa Ogun Adúbì lọ́dún náà gan-an, wọ́n ń bu owó lé obìnrin lórí lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀. Àwọn agbowó orí a máa bọ́ aṣọ lára ọmọdébìnrin láti wò ó bóyá ó ti tó ẹni tó ń san. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ṣòro láti sọ níwájú ọmọ, àmọ́ àwọn ọmọ SS gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, nítorí láìgbọ́ ọ kò ní yé wọn bí inú ṣe bí àwọn obìnrin náà tó. Ẹgbẹ́ tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti darí, tó kó àwọn ọlọ́jà àti àwọn obìnrin tó kàwé pọ̀, kọ̀wé ẹ̀hónú, wọ́n ka ìwé ìnáwó, wọ́n sì fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin dúró ní ààfin lọ́dún 1947. Wọ́n ní kí owó orí obìnrin kúrò, wọ́n tún ní kí obìnrin ní ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí ìlú. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀, kó tó di pé ó padà ní ìparí 1950. Ẹgbẹ́ kan náà yìí ló ń kọ́ àwọn ọlọ́jà ní ìwé kíkà. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí kò lè ka ìwé ìnáwó kò lè bi ẹnikẹ́ni léèrè owó.

Mo ti sọ pé kí a má ṣe sọ ìtàn akọni lásán. Àgbà Yorùbá ní agbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú rògbòdìyàn owó orí 1969 kan náà ni wọ́n ti pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà lórí oyè nígbà náà. Ọlọ́pàá kú, àgbẹ̀ kú, òṣìṣẹ́ ìjọba sá fi ilé sílẹ̀. Bí a bá ń kọ́ ọmọ ní Akánrán tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìtàn kan náà ò ní dún bákan náà nínú etí wọn, ó sì yẹ kí àwọn méjèèjì gbọ́ ara wọn. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Ayọ̀ọlá darí kalẹ̀ lórí rògbòdìyàn tó wáyé ní ìparí 1968. Ẹ bi àwọn ọmọ pé: bí ìjọba tí wọ́n ń bá jà bá gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, báwo ni a ṣe ń ka ohun tí ìgbìmọ̀ náà kọ? Kí ni a máa gbà níbẹ̀, kí ni a máa bèèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ Kírìjì rí. Ogun láàárín Ìbàdàn àti àwọn Èkìtì pẹ̀lú Ìjẹ̀ṣà ni, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877, tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà rẹ̀ lọ́dún 1886, tí àwọn ọmọ ogun ò sì tú ká pátápátá títí di 1893. Ọmọ Ìbàdàn gbọ́ orúkọ Látòóṣà nílé, ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà gbọ́ Fábùnmi àti Ògèdèǹgbé. Bí ẹ bá ní àwọn ọmọ méjèèjì nínú kíláàsì kan, ẹ ti ní ohun èlò ìkọ́ni tó ju ìwé lọ. Kí ọ̀kan sọ ohun tí àjẹ́lẹ̀, aṣojú tí Ìbàdàn fi sí ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀, ń ṣe ní ìlú àwọn bàbá ńlá rẹ̀. Kí èkejì sọ ìdí tí Ìbàdàn fi ronú pé òun ló ń dáàbò bo gbogbo ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Ìlọrin. Olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ yára dá ẹjọ́ náà.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń ba àwa olùkọ́ jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú wa. Mo mọ ìdí. Ọ̀gá ilé-ìwé lè bínú, òbí lè wá sí ọ́fíìsì pẹ̀lú ariwo, ẹnì kan lè ní o ń ṣe òṣèlú. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí ọ̀rọ̀ EndSARS, ìwọ́de àwọn ọ̀dọ́ lòdì sí ìwà ìkà ọlọ́pàá. Àwọn ọmọ tó wà ní SS báyìí ti lajú sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2020. Wọ́n ti rí fídíò, wọ́n ti gbọ́ oríṣiríṣi. Bí olùkọ́ bá ní òun ò fẹ́ sọ ọ́, ohun tí ọmọ máa kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé ọ̀rọ̀ tó bá ṣe pàtàkì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé-ìwé.

Ọ̀nà wà tí a lè gbé e gbà láìfi ara wa sínú wàhálà, ọ̀nà náà ni ìwé. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé kalẹ̀, tí Adájọ́ Doris Okuwobi darí, fi ìjábọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2021. Ṣáájú kí oṣù náà tó parí, ìjọba Èkó gbé ìwé èsì tirẹ̀ (white paper) jáde, ó sì kọ̀ láti gba àwọn ohun pàtàkì tí ìgbìmọ̀ náà sọ nípa alẹ́ 20 oṣù Kẹwàá ní Lekki. Ìwé méjì, láti ọ̀dọ̀ ìjọba kan náà àti ìgbìmọ̀ tó gbé kalẹ̀, tí wọn ò fẹnu kò. Kí àwọn ọmọ SS 2 jókòó ní méjì-méjì, kí wọ́n ka abala kan náà nínú ìwé méjèèjì. Kí wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti gbà fún ara wọn, ibi tí wọn ò ti gbà, àti ẹ̀rí tí ìkọ̀ọ̀kan fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni kó rí i pé kò sẹ́ni tó fi ariwo bo ẹ̀rí mọ́lẹ̀. Kò pọn dandan kó sọ èrò tirẹ̀. Bí ọmọ bá sì bi í tààrà, ó lè sọ ọ́ pẹ̀lú ìdí, kó sì fi hàn pé ọmọ tó bá rò ó lọ́nà mìíràn kò ní pàdánù máàkì. Ọmọ Primary 3 kò nílò èyí. Ọgbọ́n olùkọ́ ló máa mọ ọjọ́ orí tó yẹ.

Ọ̀rọ̀ ìbò náà rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2023, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 93. Àwọn tó jáde dìbò ààrẹ kò ju bíi mílíọ̀nù 25 lọ, ó kéré sí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ọmọ tó bá wo iye yìí á bèèrè ìdí, ìbéèrè yẹn sì dára ju kí olùkọ́ kọ “Àǹfààní Ìdìbò” sójú bọ́ọ̀dù lọ. Ẹ fi fọ́ọ̀mù EC8A hàn wọ́n, ìwé tí wọ́n ń kọ èsì sí ní ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan. INEC gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá ti ibùdó tó wà ní àdúgbò ilé-ìwé yín. Kí ọmọ ka iye ẹni tó forúkọ sílẹ̀, iye tí ẹ̀rọ dá mọ̀, iye ìbò tó bàjẹ́. Kó ṣe ìròpọ̀ rẹ̀ kó wò ó bóyá ó bára mu. Ẹ̀yin ò dárúkọ ẹgbẹ́ kankan fún un láti fẹ́ràn.

Nínú ìbò ọdún náà ní Èkó, ọ̀rọ̀ ẹ̀yà gbóná. Àwọn ọmọ gbọ́ èébú nílé, wọ́n sì gbé e wá sí kíláàsì. Ọmọ Ígbò wà lórí ìjókòó tó kángun sí ti ọmọ Yorùbá. Mo fẹ́ kí a gbà pé ojúṣe wa ni láti dáàbò bo ọmọ tó kéré níye nínú kíláàsì kí á tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kankan lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí. A kì í ní kí ọmọ kan ṣoṣo ṣojú gbogbo ẹ̀yà rẹ̀. A kì í bi í pé kí ló dé tí àwọn ará yín fi ṣe báyìí. Bí a bá ń kọ́ ogun abẹ́lé, ẹ jẹ́ kí ebi àwọn ọmọdé Biafra wà níbẹ̀, kí pípa tí wọ́n pa àwọn Ígbò ní Àríwá lọ́dún 1966 wà níbẹ̀, kí ìfipágbàjọba oṣù Kìn-ín-ní ọdún yẹn àti àwọn tó kú nínú rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá fo ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ojúsàájú.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí èdè. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Wọ́n tayọ wọn ni. Ọ̀rọ̀ ìjọba lórí èyí kò dúró sójú kan: lọ́dún 2022 wọ́n ní kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 2025 wọ́n tún fagi lé e. Ohun yòówù kí àṣẹ jẹ́, àríyànjiyàn lórí owó orí àti lórí ẹjọ́ ìlú nílò èdè tí ọmọ fi ń ronú. Kí wọ́n jiyàn ní Yorùbá, kí wọ́n wá kọ ọ́ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì fún WAEC. Níbi tí ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá bá wà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ẹni tí yóò máa túmọ̀. Èyí kò gba àkókò tó bí ẹ ṣe rò.

Fún ìròyìn ojoojúmọ́, rédíò ló rọrùn jù. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, ohun tó ní òun ń lé ni kí àwọn ènìyàn mọ̀ pé kíkà ni ọ̀nà àtimọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé lónìí ni kò ra ìwé ìròyìn mọ́, ṣùgbọ́n ìròyìn Yorùbá ń lọ lórí rédíò láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kí ọmọ méjì máa gbọ́ ọ lójoojúmọ́ kí wọ́n sì wá sọ ohun kan péré ní kíláàsì, kí wọ́n sọ ẹni tó sọ ọ́ àti ilé iṣẹ́ tó gbé e jáde. Kí ohun tí wọ́n bá rí lórí WhatsApp gba ìbéèrè kan náà kọjá: ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ọjọ́ wo, níbo? Bí kò bá ní ìdáhùn, a ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ò ní jiyàn lé e lórí.

Àwọn kan á ní sílábọ́ọ̀sì ò ní parí. Ohun tí mo ń sọ kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ nínú táámù kan, ní wákàtí méjì lọ́sẹ̀, ó sì kárí ìṣèjọba ológun, owó orí, ẹ̀tọ́, aṣojú àti ìjọba ìbílẹ̀, tí wọ́n wà nínú sílábọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní, owó orí òde òní, rìsíìtì àti ìṣirò. Ọ̀sẹ̀ kejì, Abẹ́òkúta àti Àgbẹ̀kọ̀yà. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, kí àwọn ọmọ kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ lórí ohun kan tí àfikún kẹrin nínú ìwé òfin fi sí ìkáwọ́ rẹ̀: ọjà, ibùdókọ̀, gọ́tà, pàǹtí. Kí wọ́n bèèrè iye tí wọ́n ná lórí rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Òfin tó fún ará ìlú láǹfààní láti bèèrè irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀ ti wà láti ọdún 2011, ọjọ́ méje ló sì fún ọ́fíìsì láti fèsì. Kí olùkọ́ àti ọ̀gá ilé-ìwé jọ buwọ́ lù ú.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo fi sílẹ̀ dé ìparí nítorí òun ni kò lè dúró. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́dún 1968 ti lé ní àádọ́rin. Àwọn tó ti dàgbà nígbà náà ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ wa ń bá wọn gbé inú ilé kan náà láìbi wọ́n ní nǹkan kan. Kí ọmọ lọ bá bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà kan, kó dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀, kó tọrọ àyè, kó fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta tó: níbo lẹ wà nígbà yẹn, mà? Kí lẹ fi ojú ara yín rí? Kí lẹ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn? Kó kọ ohun tí ojú rí sí apá kan ìwé, ohun tí etí gbọ́ sí apá kejì. Bí àgbà náà bá ní òun ò fẹ́ sọ, kó dúpẹ́ kó máa bọ̀. Àwọn kan pàdánù ènìyàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, ọjọ́ àti ìlú sórí ohùn tí ẹ gbà, kí ìdílé rẹ̀ ní ẹ̀dà kan, kí ilé-ìwé ní èkejì. Ẹni tí ilé-ìwé rẹ̀ wà ní Ìbàdàn tàbí nítòsí tún lè kó àwọn ọmọ SS lọ sí ilé ìkówèépamọ́sí ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ kọ̀wé ṣáájú, kó sọ ohun tó ń wá ní pàtó.

Mo ti mú àpẹẹrẹ fọ́ọ̀mù tí ọmọ lè lò fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà dání, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó wà lórí tábìlì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, kí olúkúlùkù mú ọ̀kan kí ó sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ bó bá ṣe fẹ́. Ẹ ṣeun. Mo ń retí ìbéèrè yín.